Ààrò Kì Í Ṣe Àpótí Ìkòkò

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí: kí ni ó wà nínú ààrò gáàsì yín ní àkókò tí ẹ ń ka ìwé yìí lọ́wọ́? Ààrò abẹ́ kúkà ni mò ń wí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní “oven”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ dìde, kí ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò.

Bí ilé yín bá dà bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí mo mọ̀ ní Àbújá níhìn-ín, láti Kúbwà dé Gwárínpà, láti Lúgbe dé Nyányá, ẹ ó bá páànù ìdíndòdò níbẹ̀, ẹ ó bá ìkòkò tí ọmọrí rẹ̀ ti sọnù, asẹ́ oníke, àpò ọ̀rá tí a ká pọ̀, àti bóyá ìdajì búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Lábẹ́ gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ ó rí ọ̀rá adìyẹ ọdún tó kọjá tí ó ti gan mọ́ irin bí ọ̀dà.

Èmi náà kò yàtọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Iléyá, ìyàwó mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti àwọn ọmọ sì wà nílé ní Kúbwà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ń gbé, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí a lè dá iná igi sí láti yan ẹran àgbò. Mo ní kí n fi ààrò gáàsì yan án, kí ìyàwó mi lè dé bá oúnjẹ. Kúkà wa jẹ́ èyí tí ń ṣáná fúnra rẹ̀, nítorí náà n kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ààrò wò. Mo yí bọ́tìnnì, iná tàn nísàlẹ̀, mo sì padà sídìí ẹran tí mò ń gé.

Kí n tó gé e tán, èéfín dúdú ti ń rú jáde létí ilẹ̀kùn ààrò. Asẹ́ oníke ti yọ́ dà sórí ọ̀rá tó gan, ọ̀rá náà sì ti gbiná. Àbíkẹ́yìn wa, tí ó ní ikọ́ fée, bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Aládùúgbò wa tí ó gbọ́ igbe àwọn ọmọ ni ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ síta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sáré mú oògùn ìfàsímú rẹ̀ tẹ̀lé wọn. Mo yí bọ́tìnnì pa, mo yí ẹnu sìlíńdà dé, mo sì fi ilẹ̀kùn ààrò sílẹ̀ ní títì títí iná inú rẹ̀ fi kú. Ọlọ́hun ni ó kó wa yọ. Bíbọ̀ ni a jẹ ẹran wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi kò lè sùn. Ìmí ọmọ náà ni mò ń gbọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ìyá ìyàwó mi gbọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò létí mi: “Nígbà tiwa, kò sí ọmọ tí yóò dáná láàárọ̀ láìkọ́kọ́ kó eérú àná. Ẹ̀yin sọ ààrò di àpótí ìkòkò, ẹ wá ń bi iná léèrè pé kí ló dé!” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n kọ́ bí a ti í tọ́jú ààrò. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Èéṣe tí ààrò fi di àpótí?

Ẹ má jẹ́ kí a dá ara wa lẹ́bi jù. Ilé ìdáná inú ọ̀pọ̀ fúláàtì kò tóbi, ìkòkò wa sì pọ̀. Èkejì ni pé ìdáná gbówó lórí. Gáàsì kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣòfò, iná mànàmáná náà kò sì rọrùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A sí 225 náírà fún ẹyọ kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ààrò oníná tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2,000 wáàtì yóò jẹ ẹyọ 2 bí ó bá ń tàn fún wákàtí kan láìdánudúró. Ní iye owó ìgbà náà, 450 náírà ni wákàtí kan ṣoṣo. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀pọ̀ ilé kì í tan ààrò àfi nígbà ọdún, nígbà ìsọmọlórúkọ, tàbí nígbà tí àlejò pàtàkì bá fẹ́ wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í lò ni a kì í wò, ìgbà tí a kò wò ó gan-an ni ó ń bàjẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewu ṣe ń kó ara jọ sínú ààrò tí a gbàgbé. Ọ̀nà mẹ́ta ni ewu náà ń gbà wá.

Ewu kìíní: ọ̀rá

Ọ̀rá tí ó ta sára ògiri ààrò nígbà tí a ń yan adìyẹ tàbí ẹja kò lọ síbì kankan. Ní ọjọ́ tí a bá tún dáná, yóò gbóná, yóò sì máa rú èéfín. Bí ó bá sì kan ahọ́n iná, tàbí bí ooru bá pọ̀ jù, yóò gbiná. Èéfín yìí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní ikọ́ fée. Ó tún ń ba oúnjẹ jẹ́, nítorí kéèkì tí a yan nínú ààrò tí ó kún fún ọ̀rá ẹja yóò máa rùn bí ẹja.

Ewu kejì: èkúté àti aáyán

Ibi tí ọ̀rá àti èérún oúnjẹ bá wà, tí ó ṣókùnkùn, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, ilé èkúté ni. Ihò ẹ̀yìn kúkà ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n ń pa ìtẹ́ sínú ohun rírọ̀ bí òwú tí àwọn tó ṣe ààrò fi yí i ká kí ooru má baà jáde, wọ́n sì ń gé wáyà àti rọ́bà gáàsì jẹ. Ẹ má sì gbàgbé ibà Lassa, tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno. Irú èkúté kan ni ó ń tan àìsàn náà, nípasẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó kan oúnjẹ tàbí ohun èlò inú ilé. Ìkòkò tí èkúté ti sùn sínú rẹ̀ mọ́jú, tí a wá fà yọ láti inú ààrò láti fi se ọbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi ojú kékeré wò.

Nínú àwọn hádíìsì tí Bùhárì àti Mùsílíìmù gbà wá, Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pa á láṣẹ pé kí a máa pa fìtílà kí a tó sùn, kí a sì máa bo ohun tí a ń jẹ àti ohun tí a ń mu. Ó ṣàlàyé pé èkúté lè fa òwú fìtílà, kí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ dáná sun ilé mọ́ àwọn onílé. Ọ̀pọ̀ wa ń ka hádíìsì yìí bí ìtàn ayé fìtílà. Èmi pẹ̀lú ti kà á bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n iná, èkúté àti oorun ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú ilé ìdáná wa títí di òní.

Ewu kẹta: iná tí kò jó dáadáa

Iná gáàsì tí ó dára a máa jó ní àwọ̀ búlúù, a sì máa dúró ṣinṣin. Bí ọ̀rá, ìpẹtà tàbí kòkòrò bá di àwọn ojú ihò tí iná ń gbà yọ, afẹ́fẹ́ kò ní tó, iná yóò sì máa jó ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ti ọsàn, yóò máa fi dúdú èéfín sí ìdí ìkòkò. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú kò sì lè rí i. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ó ń pani, ó sì lè pa ẹni tí ó ń sùn láìjẹ́ kí ó jí. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé bá ń ráhùn orí fífọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí gáàsì ń jó, ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ jáde síta, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Àwa ará Àbújá mọ bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ṣe ń tutù. Àwọn kan a máa ti fèrèsé pa, wọn a sì ṣí ilẹ̀kùn ààrò sílẹ̀ kí ilé lè móoru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Oúnjẹ ni a ṣe ààrò fún, a kò ṣe é fún yíyá iná.

Ohun tí ń yọ ọ̀rá kúrò

Kí a tó gbé omi àti àkísà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń bá jà. Omi lásán kì í yọ ọ̀rá. Àwọn ìyá ìyá wa tí ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ èyí dájú. Wọ́n ń ro omi eérú, wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ epo tàbí àdín, àwọn méjèèjì a sì di ọṣẹ. Ohun tí ó wà nínú omi eérú ni ó ń sọ ọ̀rá di ohun tí omi lè fọ̀ lọ.

Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọ-ààrò tí a ń rà nínú agolo ní ọjà Wúsè tàbí nínú ilé ìtajà ńlá. Kọ́sítíìkì sódà ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn, èyí tí àwọn aláṣeṣẹ ń lò. Ó ń ṣiṣẹ́ kíá, ṣùgbọ́n bí ó ti ń jẹ ọ̀rá ààrò ni ó ń jẹ awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ó tún ń ba irin alumíníọ̀mù jẹ́, irú èyí tí a fi ṣe ọ̀pọ̀ ìkòkò àti àwo ìyanǹkan wa. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ dáàbò bo ojú yín, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lé àwọn ọmọ jáde, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo náà láti òkè délẹ̀.

Ní ilé tèmi, nítorí àbíkẹ́yìn wa, bákìn sódà ni a ń lò, irú èyí tí àwọn oníkéèkì ń rà. Kò lágbára tó kọ́sítíìkì sódà, ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní àkókò, yóò ṣe iṣẹ́ náà láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Bí a ṣe ń fọ ààrò, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè parí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

1. Ẹ jẹ́ kí ààrò tutù pátápátá. Ẹ yí ẹnu sìlíńdà dé. Bí kúkà bá ní wáyà iná, ẹ fà á yọ lára ògiri.

2. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ èkúté, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi bílíìsì tí a po mọ́ omi rin ín, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi bébà nù ún sínú ọ̀rá, kí ẹ sì so ó pa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lásán nu ibẹ̀ kí ó mọ́.

3. Ẹ yọ àwọn irin tí a ń gbé oúnjẹ lé àti àwo ìsàlẹ̀. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ nínú bàsíà ńlá. Ní òwúrọ̀, kàn-ìn-kàn-ìn lásán yóò tó fún wọn.

4. Ẹ po bákìn sódà ìdajì ife pọ̀ mọ́ omi bíi ṣíbí 3, títí yóò fi dà bí ògì tí ó ki. Ẹ fi pa ògiri àti ilẹ̀ ààrò, níbi tí ọ̀rá bá ti pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú ihò tí iná ń gbà yọ, tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń wọn ooru, tàbí irin tí ń gbóná nínú ààrò oníná, tàbí rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Ẹ fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀.

5. Ní òwúrọ̀, ẹ fi àkísà tútù nù ún. Ọ̀rá yóò bá a jáde ní àwọ̀ pupa-rúsúrúsú. Ibi tí ó bá kù, ẹ fi fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ wọ́n ọn, yóò hó kùṣùkùṣù, kí ẹ sì tún nù ún. Ẹ má po bákìn sódà àti fínígà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn ún wò, àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ni àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn.

6. Gíláàsì ilẹ̀kùn náà, bákìn sódà kan náà ni, fún bíi ìṣẹ́jú 30. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí kàn-ìn-kàn-ìn onírin ha á, nítorí ojú ọgbẹ́ kékeré ni gíláàsì gbígbóná ti ń là. Ẹ má sì da omi tútù sí i nígbà tí ó bá gbóná.

7. Ẹ wo ojú ihò tí iná ń gbà yọ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Èyí tí ó bá dí, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ là á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìfẹ̀ ẹ́ lójú. Igi ìtayín lè ṣẹ́ sínú rẹ̀. Ẹnu kékeré tí gáàsì fúnra rẹ̀ ń gbà tú jáde lẹ́yìn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọṣẹ́.

8. Ẹ fi ọṣẹ àti àkísà rírọ̀ nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn láìyọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà kan há ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í, kí ẹ sì fa bébà náà. Bí ó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ooru ń jáde níbẹ̀, owó gáàsì yín sì ń bá a lọ. Rọ́bà tuntun ni ó kù.

9. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, tí ẹ ti da irin padà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan ààrò ní iná kékeré fún bíi ìṣẹ́jú 15 láìsí oúnjẹ nínú rẹ̀, kí òórùn tó kù lè lọ.

Àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má po bílíìsì mọ́ fínígà, mọ́ omi ọsàn, tàbí mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró ni ó ń jáde láti ibẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ilé tí a bá ti lo bílíìsì fún ìgbẹ́ èkúté, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dànù pátápátá kí fínígà tó dé ibẹ̀.

Ẹ má tẹ́ bébà fóìlì sí ilẹ̀ ààrò gáàsì nítorí kí ọ̀rá má baà kán sílẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ ni ẹ ń dí, iná kò sì ní jó dáadáa mọ́. Àwo kan tí a gbé sí orí irin ní abẹ́ ẹran yóò gba ọ̀rá náà.

Ẹ má ṣáná ààrò gáàsì nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ẹ ṣí i, ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ tó ṣáná. Bí kò bá tètè gbiná, ẹ yí i pa, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú 5, kí gáàsì tó ti kó jọ lè tú ká. Ẹ rántí sààrì nínú oṣù Rámádáànì. Pẹ̀lú oorun lójú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dáná ní aago mẹ́rin òru, àkókò náà ni ó yẹ kí ojú wa là jù.

Bí iná bá sọ nínú ààrò, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ iná. Ẹ má da omi sí ọ̀rá tó ń jó. Ẹ pa bọ́tìnnì, kí ẹ yí ẹnu sìlíńdà dé bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu. Bí kò bá kú, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ sì pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí ó wà fún gbogbo Nàìjíríà.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á, ẹ má ṣáná. Gáàsì inú sìlíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó máa ń kó jọ sí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì yí ẹnu sìlíńdà dé. Láti mọ ibi tí ó ti ń jò, ìfófòó ọṣẹ ni a ń fi pa rọ́bà àti oríkèé rẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni. Iná ìṣáná kọ́ ni a fi ń wá a.

Ọ̀rọ̀ nípa kúkà tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ra kúkà tòkunbọ̀, èyí tí ó ti ìlú Òyìnbó wá. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun méjì. Èkíní, gáàsì tí ń gba inú páìpù wọ ilé wọn ní Bìrìtìkó kì í ṣe irú èyí tí ń bẹ nínú sìlíńdà wa. Ẹnu tí gáàsì ń gbà tú jáde nínú kúkà wọn fẹ̀ ju èyí tí sìlíńdà wa nílò lọ. Bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ó kéré, iná yóò máa jó ní àwọ̀ ìyeyè, yóò sì máa rú èéfín dúdú, bí ó ti wù kí a fọ ààrò náà tó. Kí ẹ tó tan irú kúkà bẹ́ẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ gáàsì tí ó mọṣẹ́.

Èkejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọ ìwọ̀n ooru sí ara bọ́tìnnì. Nọ́ńbà 1 dé 9 ni ẹ ó rí. Nọ́ńbà 1 jẹ́ nǹkan bíi 140 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́sìọ̀sì, nọ́ńbà 4 jẹ́ 180, nọ́ńbà 6 jẹ́ 200, nọ́ńbà 9 sì jẹ́ 240. Ìyá tí ó bá mọ èyí kò ní máa fi nọ́ńbà 9 jó kéèkì, kò sì ní máa fi ooru tí kò nídìí jó ọ̀rá mọ́ ògiri ààrò.

Ta ni yóò ṣe é?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ gbólóhùn yìí. Ààrò náà wúwo, irin rẹ̀ le, ìdí rẹ̀ sì ń fẹ́ kí ènìyàn kúnlẹ̀. Kí ni ó dé tí a fi fi í sílẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo tí ó tún ti se oúnjẹ? Nígbà tí wọ́n bi ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó fi yé wọn pé iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe, títí àkókò ìrun yóò fi tó. Bí iṣẹ́ ilé kò bá tàbùkù Ànábì, kò lè tàbùkù èmi àti ẹ̀yin.

Ní ilé wa lónìí, èmi ni mo ni ààrò. Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Rámádáànì wọlé, mo ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn Iléyá, mo tún ń fọ̀ ọ́. Láàárín wọn, ẹni tí ó bá lò ó ni yóò nù ún nígbà tí ó bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ọ̀rá tó gan, nítorí ìṣẹ́jú 2 tí a fi nu ọ̀rá tuntun ń gbani lọ́wọ́ òru kan gbáko tí a ó fi rẹ ti àtijọ́. Àbíkẹ́yìn wa, tí ìmí fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àná, ni olùṣàyẹ̀wò wa. Ní alaalẹ́ kí ó tó lọ sùn, a ṣí ilẹ̀kùn ààrò, a wo inú rẹ̀, a sì ké sí mi pé, “Bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o!” Èmi a sì lọ yí ẹnu sìlíńdà dé.

Àwọn ìkòkò wa ńkọ́? Pátákó mẹ́ta tí káfíńtà kàn mọ́ ògiri ni ó gbà wọ́n, owó rẹ̀ kò sì tó owó kúkà tuntun, kí a má tíì sọ ti ẹ̀mí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń gbé ìkòkò dúró: bàbá, ìyá àti ọmọ. Bí ẹ kò bá tíì lọ ṣí ilẹ̀kùn tí mo ní kí ẹ ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde nísinsìnyí. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ilé wa gbogbo. Àmín.